Ṣé èèyàn lè jò kó ṣì máa jẹ mítípáì àti ṣàwámà? Ẹ dá mi lóhùn o

Abẹ̀kẹ́Mọ̀lípa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sún mọ́ Fọlágbadé, tí mo bá ti jókòó láàárọ̀ ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó dìde. Ítárì ń bẹ lọ́tùn-ún wa, oníṣàwámà ń bẹ lódìkejì títì, ìyá onípọ́fù-pọ́fù a tún gbé tiẹ̀ wọlé wá bá wa nídìí tábìlì tó bá ti ń di aago mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ wa ti dá aṣọ Ojúde Ọba, bùbá tí mo rán lọ́dún tó kọjá ò gbà mí mọ́, ẹ sì mọ bí Ojúde Ọba ṣe rí, ọjọ́ kẹta Iléyá ni gbogbo Ìjẹ̀bú máa ń wo ara wọn tòkè-tilẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo bá bi léèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: má fẹnu kan oúnjẹ ítárì mọ́, máa jẹ ewé bí ewúrẹ́. Èmi mọ ara mi. Tí mo bá ní n ò jẹ ẹ́ mọ́ láéláé, màá rọ́jú fúngbà díẹ̀, lọ́jọ́ tó bá wá sú mi màá jẹ ti gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹnì kankan wà níbí tó jò, tí ò sì fi mítípáì, ṣíkìn àti ṣàwámà sílẹ̀ pátápátá? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ má bú mi o, ẹ jọ̀ọ́.

Àgbẹ̀Ìperu

Fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Kí lẹ ń wá nínú búrẹ́dì tí wọ́n ká ẹran sí? Ìkọ́kọrẹ́ ń bẹ, ẹ̀bìrìpò ń bẹ, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ń bẹ. Àwọn bàbá wa ò mọ ohun tó ń jẹ́ ṣàwámà, mélòó nínú wọn lẹ rí tó yọ ikùn?

Awakọ̀Ṣágámù

Bàbá wa, ẹ kú àgbà. Àmọ́ àwọn bàbá tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ìdájí ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ọkọ́ ò sì kúrò lọ́wọ́ wọn títí oòrùn fi máa kan àtàrí. Ta ló ń kọ ebè ní Fọlágbadé?

Àǹtí Abẹ̀kẹ́, ó ṣeé ṣe o. Mọ́tò lèmi ń wà, Ṣágámù sí Èkó, Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, orí ìjókòó náà lèmi ń gbé. Adìẹ díndín ni tèmi, n ò tíì fi í sílẹ̀ dòní, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń jẹ ẹ́. Mínírà ni mo fi sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti dúró ní ìntaṣéènjì, mínírà 50cl kan, tóòrùn bá mú òmíràn tẹ̀lé e, ká má tíì dé orí mọ́ọ̀tì alẹ́. Ẹ yí ìgò yẹn padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Nínú mínírà 50cl kan, ṣúgà lè tó 50 gíráàmù, gíráàmù kan sì jẹ́ kálórì 4 (kálórì la fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara), ó ti di 200 kálórì nìyẹn, ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan o, ẹ kàn mu ún ni, ikùn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wọlé. Ìjọba àpapọ̀ gan-an ti fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó 2021, àwa náà là ń san án, a ò sì yé mu ún. Èmi fi píọ́ wọ́tà tútù rọ́pò ẹ̀. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ nídìí mi, mo lọ ra bẹ́líìtì tuntun, adìẹ ọjọ́ Ẹtì ṣì wà ní àyè ẹ̀.

ÌyáÌbejìIgbó

Bọ̀dá awakọ̀, mọ́ọ̀tì náà burú ni? Wọ́n ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀ ni o, òun ni mò ń fún àwọn ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sìRẹ́mọ

Ìyá Ìbejì, mọ́ọ̀tì kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń tajà ni. Ṣúgà wà nínú ẹ̀ bó ṣe wà nínú mínírà. Ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́? Ẹ fún wọn ní ẹ̀fọ́, ẹran, ẹja, ẹ̀wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ Àǹtí Abẹ̀kẹ́. Ohun tó ń mú èèyàn jò ò ju pé kí oúnjẹ tó ń wọlé kéré sí èyí tí ara ń lò. Gíráàmù ọ̀rá kan, kálórì 9. Gíráàmù ṣúgà tàbí sítáàṣì, kálórì 4. Pùrótéènì náà, 4. Ẹ ti rí ìdí tí nǹkan tí wọ́n fi òróró din tàbí tí wọ́n fi máyónéèsì pò fi máa ń gba gbogbo ìpín èèyàn tán, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò tiẹ̀ tíì yó.

Lọ́dún 2010 ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni nípa ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì Kansas State l'Amẹ́ríkà, Mark Haub lorúkọ ẹ̀, fi ara ẹ̀ dán an wò. Àwọn kéèkì kékeré inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní Twinkies ló fi dípò oúnjẹ, pẹ̀lú bísíkíìtì àti ṣípìsì, fún ọ̀sẹ̀ 10, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ju 1,800 kálórì lọ lójúmọ́. Ó jò tó kílò 12. Kẹ́nikẹ́ni má sáré lọ ra kéèkì o! Ó ń lo fítámì, ó ń mu pùrótéènì, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ díẹ̀ mọ́ ọn, òun fúnra ẹ̀ ò sì ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí mò ń lọ ni pé iye tẹ́ ẹ jẹ ló ń pinnu bóyá ẹ máa jò tàbí ẹ máa sanra. Bóyá oúnjẹ yẹn ṣe ara lóore, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, a sì máa dé ibẹ̀.

Olùkọ́Ìkẹ́nnẹ́

Nọ́ọ̀sì ti gbà á lẹ́nu mi. Tíṣà ẹgbẹ́ mi kan náà wà ní Iowa l'Amẹ́ríkà, John Cisna. Oúnjẹ ítárì McDonald's nìkan ló jẹ fún 90 ọjọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ló ń bá a ṣètò ohun tó máa jẹ kó má baà ju 2,000 kálórì lọ, ó sì tún ń fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́. Ó jò tó kílò 17.

Àgbẹ̀Ìperu

Tíṣà, ẹ parí ìtàn yín. Ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ló padà ń sanwó fún un kó máa lọ sọ ìtàn náà kiri. Pé mò ń ṣe àgbẹ̀, ẹ má rò pé n kì í kàwé.

Olùkọ́Ìkẹ́nnẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, bàbá, wọ́n sanwó fún un. Ṣùgbọ́n kílò tó bọ́ ti bọ́ kí wọ́n tó san án.

Ẹ jẹ́ kí n fi kiní kan kún un. Láti 1986 tí Mr Bigg's ti ṣí l'Ékòó ni mítípáì ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé ńkọ́? Ìgbà tó o bá ṣe dáadáa nílé ìwé, tàbí tí bàbá rẹ bá gba owó àjẹmọ́nú, ìgbà náà lo máa fojú kan mítípáì, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ sì máa pín in jẹ. Mítípáì yẹn náà la ṣì ń jẹ o. Ọjọ́ ayẹyẹ la fi ń jẹ ẹ́ nígbà yẹn, nísinsìnyí àárọ̀ kùtù lójú ọ̀nà iṣẹ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn.

OníṣàwámàÀgọ́

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ti ń fẹnu ba ọjà mi jẹ́ láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi. Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà, àwọn ọmọ yunifásítì OOU ni kọ́sítómà mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń ṣe é fún yín.

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn kọ́ ni wàhálà. Tá a bá ti tẹ́ ẹ, kírímù ló kàn, máyónéèsì ni, a fi kẹ́ṣọ́ọ̀pù díẹ̀ pò ó, ẹlòmíì ń da mílíìkì àti ṣúgà mọ́ tiẹ̀. Ṣíbí ńlá la fi ń bù ú, a ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ dé etí búrẹ́dì. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tá a ti rẹ́ wẹ́wẹ́, ẹran tàbí ṣíkìn, sọ́séèjì méjì tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lẹ́yìn náà a tún da kírímù lé gbogbo ẹ̀ lórí ká tó ká a. Ká tó gbé e sí iná, a ó fi bọ́tà pa á lẹ́yìn kó lè pọ́n. Ṣíbí máyónéèsì kan ṣoṣo tó kún lè tó 90 kálórì, èmi sì mọ iye tí mò ń bù, n ò ní sọ ọ́ níbí.

Kì í ṣe pé a fẹ́ pa yín. Ẹ̀yin kọ́sítómà lẹ fà á. Tí kírímù ò bá ṣàn sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní mo ti láhun jù, wọ́n á ní "Ìjẹ̀bú ni ẹ́ lóòótọ́". Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó fúyẹ́, kó sọ ọ́ kí n tó tẹ́ búrẹ́dì: kírímù ẹ̀ẹ̀kan, sọ́séèjì kan tàbí kó má sí rárá, ẹ fi kábéèjì kún un, ẹ má fi bọ́tà. A ò ní bínú, owó kan náà ni. Àmọ́ tó o bá dúró títí mo fi ká a tán kó o tó lanu, wàá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Abẹ̀kẹ́Mọ̀lípa

Hahaha oníṣàwámà, Ọlọ́run á bù kún yín! Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rà á, n ò mọ̀ pé èèyàn lè ní kí wọ́n má fi bọ́tà sí i.

Ṣé mítípáì náà ní ọgbọ́n tá a lè dá sí i? Èyí tó ti jáde látinú ẹ̀rọ, ta ni mo fẹ́ sọ pé kó dín nǹkan kù nínú ẹ̀?

Nọ́ọ̀sìRẹ́mọ

Mítípáì ò ní ọgbọ́n àfi kó jẹ́ ẹyọ kan. Ìyẹ̀fun àti bọ́tà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹran tẹ́ ẹ ń sanwó fún, ẹ rọra là á wò, ẹ máa rí i pé ọ̀dùnkún ló gba àyè. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí kì í fi í pẹ́ níkùn. Ẹ jẹ ẹ́ láago mọ́kànlá pẹ̀lú mínírà, tó bá fi máa di aago kan ebi tún ti dé, ẹ wá lọ jẹ ìrẹsì. Mítípáì yẹn ò wá dípò nǹkan kan, ṣe ló kún oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá máa jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé òun ni oúnjẹ ọ̀sán, kẹ́ ẹ fi ẹyin bíbọ̀ méjì tì í, omi ni kẹ́ ẹ mu lé e.

Nínú ítárì kan náà yẹn, mọ́ínmọ́ín ń bẹ, a kàn máa ń fojú fò ó torí pé a máa ń rò pé ilé lèèyàn ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ẹ ra mọ́ínmọ́ín, ẹ ra ṣíkìn kan, ẹ bó èèpo díndín yẹn àti awọ kúrò (ó máa dùn yín, mo mọ̀), ẹ gba ìrẹsì kékeré, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n má da ọbẹ̀ lé e, kí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́. Àti koléèsílọ́ọ̀, ẹ má máa tan ara yín pé ẹ̀fọ́ lẹ jẹ, máyónéèsì ni wọ́n fi pò ó.

ÌyáÌbejìIgbó

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Abẹ̀kẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ bà. Oúnjẹ ilé náà ń mú èèyàn sanra o! Ẹ wo gàrí tí gbogbo wa ń mu lọ́sàn-án. Gàrí gbígbẹ 100 gíráàmù, kálórì ẹ̀ máa ju 300 lọ dáadáa, ta ló sì ń mu 100 gíráàmù? Ẹ̀pà wá ń bẹ, tí 100 gíráàmù tiẹ̀ ju 550 lọ, ṣúgà, mílíìkì, ẹja díndín, a ó wá fẹ̀yìn tì, a ó ní "n ò tíì jẹun lónìí o, gàrí ni mo mu". Tẹ́ ẹ bá da epo tàbí òróró ṣíbí ìjẹun ńlá kan sínú ìkòkò, nǹkan bí 120 kálórì lẹ dà sí i, ìkọ́kọrẹ́ tí ọkọ mi fẹ́ràn, mo mọ iye epo tó máa ń gbà kó tó pọ́n bó ṣe ń fẹ́ ẹ.

Kí n má sọ ti ọjọ́ Sátidé. Ìjẹ̀bú ló wá mọ páàtì í ṣe! Ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìgbéyàwó ní Orù, ìwúyè níbòmíì, abọ́ ìrẹsì kan, sìmọ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀pù, àmàlà, tábìlì kún fún mínírà àti bíà. Ẹlòmíì á jẹ ewé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, á wá fi ọ̀sán Sátidé kan san gbogbo gbèsè yẹn padà. Èmi ti ń jẹun kúrò nílé báyìí. Abọ́ kan ṣoṣo ni mò ń gbà níbi páàtì, wọ́n á máa wò mí, n ò ní sọ nǹkan kan.

Ẹ tún múra sílẹ̀ fún ẹnu ará ilé o. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ìyá ọkọ mi pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi í bóyá ó ti dá owó oúnjẹ mi dúró.

Àgbẹ̀Ìperu

Ẹ ti bú ṣàwámà, n ò sọ̀rọ̀. Ẹ wá kọjú sí gàrí Ìjẹ̀bú. Níbo lẹ fẹ́ ká gbé e gbà?

ÌyáÌbejìIgbó

Bàbá, ẹ má bínú, mo ṣì ń mu gàrí yín. Ṣúgà ni mo yọ kúrò. Tó bá kan dáadáa kò tiẹ̀ nílò ṣúgà, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀Ìperu

Ìyẹn dára. Ìyẹn lọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Ẹni tó ń da ṣúgà sí gàrí tó kan, gàrí tí ò kan ni kó lọ máa rà.

TíìAtúnraṣe

Ẹ kú ilé o, kí lẹ ń dààmú ara yín sí, tíì wa ń bẹ tó ń fọ ikùn mọ́, kílò 5 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè máa jẹ ohun tó bá wù yín, ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sìRẹ́mọ

Ẹ má lọ sí ínbọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tíì yẹn, ewé senna ló wà níbẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ló ń mú kéèyàn máa yà. Omi ara ló ń bọ́, ọ̀rá wà níbi tó wà, tẹ́ ẹ bá ti mu omi ó ti padà dé. Inú àwọn oògùn ìjò míì ni wọ́n sì ti máa ń rí sibutramine, kẹ́míkà tí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kó kúrò lọ́jà lọ́dún 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kílò 5 ọ̀rá lọ́sẹ̀ kan. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀, ìyẹn ti dáa gan-an, èyí tó bá sì kọ́kọ́ já bọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ dáwọ̀ọ́ ìdùnnú jù.

Mo ní a máa dé orí ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo oògùn, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, aboyún, ẹ má kàn ṣàdédé máa dín oúnjẹ kù, ẹ lọ rí dókítà kọ́kọ́, OOUTH, ọsibítù yunifásítì OOU, wà ní Ṣágámù, ọsibítù ìjọba wà n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru náà, iyọ̀ ni tiyín, ju kálórì lọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ má tó 5 gíráàmù lójúmọ́, ìyẹn ò tó ṣíbí tíì kan, oúnjẹ ítárì kan pẹ̀lú ìndómì alẹ́ lè ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ tán. Èèyàn lè jò kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣì máa ru.

Awakọ̀Ṣágámù

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Àǹtí Abẹ̀kẹ́, kiní kan kù tí mo fẹ́ sọ. Ẹ yan ọjọ́ yín ṣáájú. Èmi, ọjọ́ Ẹtì ni, gbogbo èèyàn ní gáréèjì ti mọ̀. Tí wọ́n bá gbé adìẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá ní ọjọ́ mi kọ́ nìyí, ó ti tán. Ebi gan-an, ẹ má jẹ́ kó pa yín dé ẹnu ọ̀nà ítárì, ẹni tí ebi ń pa ò mọ ohun tó ń jẹ́ kékeré, gbogbo ohun tó bá wà nínú gíláàsì yẹn ló máa tọ́ka sí. Ẹ jẹ ẹ̀wà tàbí ẹyin láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ìrìn náà dáa, ẹ máa rìn, àmọ́ ẹ má fi ṣe owó ìtanràn mítípáì. Rírìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá 150 kálórì. Ẹ ò lè fẹsẹ̀ rìn jù ú nù.

Abẹ̀kẹ́Mọ̀lípa

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín, títí kan bàbá àgbẹ̀. Bí mo ṣe máa ṣe é nìyí: mínírà, ó dàárọ̀. Pọ́fù-pọ́fù aago mọ́kànlá, màá sọ fún ìyá yẹn kí wọ́n máa gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi kọjá, ẹyin bíbọ̀ ni màá máa gbé wá látilé. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ítárì mi, mọ́ínmọ́ín àti ṣíkìn, awọ ẹ̀ n ò tíì ṣèlérí. Ṣàwámà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lọ́wọ́ oníṣàwámà tiwa yìí. Sátidé ló ń bà mí lẹ́rù, páàtì méjì ti wà nílẹ̀ kí Iléyá tó dé, a sì ti san owó aṣọ ẹbí méjèèjì.

Oníṣàwámà, ṣé ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde?

OníṣàwámàÀgọ́

Tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ yín á ti rọ̀. Ẹ wá sí Àgọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ráyè, a máa ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ dárúkọ mi pé láti orí òpó yìí lẹ ti wá, màá fi kábéèjì kún un. Kírímù, ẹ̀ẹ̀kan.